Nígbà Tí À Ń Jọ Nútírọ́ọ̀nù

Odò méjì ló pàdé ní Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, Drac àti Isère. Orí ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín wọn, níbi tó kù díẹ̀ kí wọ́n pàdé, ni rìákítọ̀ Institut Laue-Langevin wà. Ará Jámánì ni Laue, ará Faransé ni Langevin. Orílẹ̀-èdè méjèèjì ló jọ dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1967, nígbà tí ogun tí wọ́n bára wọn jà kò tíì ju ọdún méjìlélógún lọ tó parí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1973, ẹ̀yìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn lèmi náà sì gbà wọlé, torí pé yunifásítì kan níbẹ̀ ló gbà mí fún PhD.

Mẹ́gáwáàtì 58 ni rìákítọ̀ yẹn ń mú jáde, kò sì fi tan gílóòbù kan. Wọn ò kọ́ ọ fún iná. Omi Drac ló ń gba gbogbo ooru rẹ̀ lọ, nútírọ́ọ̀nù rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Èmi tí mo fi fìtílà kàwé ní Ifẹ̀ nígbàkigbà tí NEPA bá ti ṣe tiwọn, inú kọ́kọ́ bí mi bí mo ṣe ń wo odò tó ń gbé iná odindi ìlú kan lọ láìsí ẹni tó bìkítà. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé kì í ṣe ooru nìkan ni wọ́n ń dà nù níbẹ̀. Ìdànù gan-an ni iṣẹ́ tí mo wá kọ́.

1987 ni mo kúrò nílé, ọdún tí Awólọ́wọ̀ kú, tí ìjọba sì fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì wa. Ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, náírà ń jábọ́, ìwé físíìsì tuntun kò sì wọ ilé ìkàwé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ ìròyìn kan dé etí wa. Bednorz àti Müller, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún IBM lẹ́bàá Zürich, ti rí irú amọ̀ kan ní 1986, tó ní bàbà àti ọ́síjìn nínú, tó ń gbé iná mànàmáná kọjá láìsí ìdènà rárá, níbi tí òtútù kò tíì pọ̀ tó bí àwọn àgbà ṣe rò pé ó gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, àwọn kan ní Amẹ́ríkà ti gbé òmíràn jáde. Yttrium, barium, bàbà àti ọ́síjìn ló wà nínú tiwọn, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bíi 92 Kelvin lọ sísàlẹ̀. Náítírójìn olómi, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó láti mú un tutù débẹ̀. Ní oṣù Kẹta 1987, àwọn onífísíìsì kún òtẹ́ẹ̀lì kan ní New York fọ́fọ́, wọ́n sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ di àfẹ̀mọ́jú. Ẹni tó bá ní ààrò lẹ́nu iṣẹ́ ń sun amọ̀ lọ́dún náà.

Ọ̀gá mi, ará Scotland tó ti dàgbà nídìí nútírọ́ọ̀nù, ní kí n máa pe òun ní orúkọ tí bàbá òun sọ òun. Ẹnu mi ò gbà á. “Prof” ni mo pè é títí mo fi parí, òun náà sì yé bínú sí i nígbà tó yá. Ó ní ohun tí àwọn aláàrò ń sun, àwa la máa sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn.

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó yí átọ́ọ̀mù ká ni X-ray ń rí, átọ́ọ̀mù tó bá ní púpọ̀ lára ló sì máa ń hàn jù. Nínú amọ̀ yìí, barium àti yttrium ló gba gbogbo ojú, ọ́síjìn ò hàn láàárín wọn. Ti nútírọ́ọ̀nù yàtọ̀. Kò ní iná lára, nítorí náà ó ń gba àárín ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọjá láìbìkítà, ó di inú àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù kó tó kọlu nǹkan, ọ́síjìn sì hàn sí i ketekete. Orí ọ́síjìn yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Tó bá pé, amọ̀ náà á gbé iná láìsí ìdènà. Tó bá dín kọjá ìwọ̀n kan, kò ní gbé e mọ́. Òòfà àwọn átọ́ọ̀mù bàbà inú rẹ̀ á wá tò, ọ̀kan kọjú síhìn-ín, èyí tó tẹ̀ lé e kọjú sọ́hùn-ún. Kí 1987 tó parí, nútírọ́ọ̀nù ti fi ibi tí ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan jókòó sí hàn.

Nútírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ náà ní òòfà kékeré lára, òun ló fi ń mọ òòfà ẹlòmíràn. Louis Néel ti sọ tipẹ́tipẹ́ pé irú ìtò síhìn-ín sọ́hùn-ún bẹ́ẹ̀ wà nínú àwọn ohun kan, kò sì sí ẹni tó rí i lójú títí Shull àti Smart fi tan nútírọ́ọ̀nù sí manganese oxide ní Oak Ridge ní Amẹ́ríkà ní 1949. Grenoble ni Néel fi ṣe ibùjókòó, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú bí rìákítọ̀ wa ṣe dé ìlú yẹn. Ohun kẹta tún wà. Nútírọ́ọ̀nù tó bá ti rìn nínú omi rìákítọ̀ títí tí ara rẹ̀ fi rọ̀, eré rẹ̀ máa ń jẹ́ nǹkan bíi mítà 2,200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní eré yìí, ìgbì rẹ̀ gùn tó 1.8 Angstrom, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àyè àárín átọ́ọ̀mù méjì mu, agbára rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú agbára tí átọ́ọ̀mù fi ń gbọ̀n. Tó bá wọnú amọ̀ tó sì jáde, èèyàn lè fi iye eré tó dín lára rẹ̀ mọ bí àwọn ará inú ṣe ń mì.

Àmọ́ rìákítọ̀ kì í bí nútírọ́ọ̀nù létòlétò. Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n ń gbà, oríṣiríṣi eré ni wọ́n ń sá. Bí wọn ò ṣe ní iná lára tó fi dára fún wa, òun náà ni kò jẹ́ kí á lè fi iná mànàmáná darí wọn bí a ṣe ń darí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Gíláàsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá tí wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yà. Ní ìgbà tiwa, ohun tí à ń pè ní títún ìtànṣán nútírọ́ọ̀nù ṣe kò ju pé kí o dí ọ̀nà mọ́ gbogbo èyí tí o kò fẹ́, kí o sì máa gbàdúrà pé kí èyí tó kù tó lò.

Àmọ́ àwọn tó ṣáájú wa ti mọ ọ̀nà tí wọ́n fi lè mú nútírọ́ọ̀nù rìn jìnnà sí ibi tí wọ́n ti bí i. Ní Garching, lẹ́bàá Munich, rìákítọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957 lábẹ́ òrùlé tó rí roboto bí ẹyin. Ibẹ̀ ni Maier-Leibnitz àti Springer ti fi hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 pé tí nútírọ́ọ̀nù bá rọra fi ẹ̀gbẹ́ kan ojú níkẹ́ẹ̀lì tó dán, á tàkìtì padà. Igun tó fi kàn án gbọ́dọ̀ kéré gan-an, ìdá kan nínú mẹ́wàá digiri péré fún Angstrom kọ̀ọ̀kan ìgbì rẹ̀. Maier-Leibnitz yìí ló di olùdarí àkọ́kọ́ ní Grenoble. Túùbù gíláàsì onígun mẹ́rin tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bo inú rẹ̀ ló ń kó nútírọ́ọ̀nù jáde látinú ilé rìákítọ̀ lọ sí gbọ̀ngàn mìíràn, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ, kí gamma àti àwọn nútírọ́ọ̀nù asárétete, tí wọn kò lè yà, lè forí sọ ògiri. Mezei, ará Hungary, wá sọ ní 1976 pé kí wọ́n máa to irin méjì, irú bíi níkẹ́ẹ̀lì àti titanium, lé ara wọn ní ìpele-ìpele, kí ìpele kan má nípọn bí èkejì, jígí náà á lè dá èyí tó ti igun tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ wá padà. Ohun olówó iyebíye ni jígí ọ̀hún nígbà tí mo débẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ sún mọ́ ọn.

Ẹ̀rọ tí èmi ń lò jẹ́ irú èyí tí Bertram Brockhouse gbé kalẹ̀ ní Chalk River ní Kánádà láàárín àwọn ọdún 1950, ẹ̀rọ olójú-yíyí mẹ́ta. Kírísítà gíráfáìtì kan ń yan eré kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tó ń bọ̀, ó ń jù ú sí orí ayẹ̀wò, kírísítà mìíràn sì ń wo irú eré tó ń sá nígbà tó jáde. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ tọ́ọ̀nù ni ẹ̀rọ yìí wọ̀n, síbẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo lè fọwọ́ tì í, torí orí afẹ́fẹ́ ló ń rìn. A máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀ mábù tó dán bí ojú omi, tí gbogbo wa ń pè ní ilẹ̀ ijó. Láàárín òru, ìmí afẹ́fẹ́ yẹn, fììì, ló máa ń jí ẹni tó bá ti sùn lọ nídìí kọ̀ǹpútà.

Láàárín kírísítà kan àti èkejì ni kọ́límétọ̀ wà, abẹ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ọ̀dà gadolinium kùn. Nútírọ́ọ̀nù tó bá yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀ á kan abẹ, á sì parí síbẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀nà dídí tó kù, èmi ni mò ń ṣe é. Mo di ọ̀gá nínú kádímíọ̀mù gígé. Irin rírọ̀ ni, pẹlẹbẹ, àlùmọ́gàjí ń gé e bíi páálí, ìwọ̀nba mìlímítà kan rẹ̀ sì tó láti gbé nútírọ́ọ̀nù mì. Ó ní májèlé, ìbọ̀wọ́ la fi ń mú un. À ń gé e, à ń fi tépù lẹ̀ ẹ́, à ń tún un gé, títí ihò ẹnu rẹ̀ á fi ṣe rẹ́gí pẹ̀lú kírísítà tí a fẹ́ wò, kírísítà tí àwọn aláàrò fi oṣù gbáko sun, tí kò sì ju èékánná lọ. Gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ń kà nínú ìwé ìròyìn físíìsì nígbà yẹn nípa ìjìnlẹ̀ ayé kúáńtọ̀mù, irú páálí onírin bẹ́ẹ̀ tí tépù dì mú wà nídìí rẹ̀.

Nígbà tí mo wálé, ìyá mi tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ṣakí bi mí pé kí ni mò ń ṣe gan-an níbi tí mo wà.

“À ń da nǹkan nù ni, mà. Ohun tó ń jáde pọ̀ lọ súà. Ìba díẹ̀ la máa ń lò níbẹ̀.”

“Àkànní, wọ́n wá ń sanwó fún ọ kí o máa da nǹkan nù?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ẹ̀ ń jọ̀ ọ́ ni. Tí asẹ́ bá fẹ̀, ó pọ̀, àmàlà rẹ̀ á máa ní kókó. Tó bá kúná jù, ìwọ̀nba lo máa rí tà lọ́jà.”

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa ní Grenoble ló sọ yẹn. Nínú rìákítọ̀, nútírọ́ọ̀nù bíi 1,500,000,000,000,000 ló ń gba orí sẹ̀ǹtímítà kan ní ìbú àti òró kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kó tó dé orí ayẹ̀wò, mílíọ̀nù la fi ń kà á. Nínú èyí tó bá ti ara ayẹ̀wò jáde tó sì dé inú túùbù hílíọ̀mù tó ń kà wọ́n, ó lè jẹ́ ẹyọ mélòó kan ní ìṣẹ́jú kan. Prof fẹ́ kí gbogbo ihò há, kí ohun tí a bá rí mú ṣáṣá. Ará Faransé kan tí à ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ kí á ṣí i sílẹ̀, kí nǹkan wọlé ná. Àwọn méjèèjì lè fi wákàtí kan jiyàn lórí bóyá kọ́límétọ̀ yóò jẹ́ ogún ìṣẹ́jú digiri tàbí ọgọ́ta, nígbà tí rìákítọ̀ ń jó lọ, tí aago wa sì ń lọ. Mo ti wà lẹ́yìn Prof nígbà náà, bí ọmọ tó fẹ́ràn ọ̀gá rẹ̀. Lónìí mo rò pé ará Faransé ló jàre. Lọ́jọ́ tí ohun tí ò ń wá kò tíì ní orúkọ, asẹ́ tó kúná jù ìgbéraga lásán ni.

Ní 1991, ní ìlú kan náà, Rossat-Mignod àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ohun tí gbogbo wa ń wá. Nínú amọ̀ yttrium yẹn, tí òtútù bá ti mú un dé ibi tí ìdènà iná ti ń parẹ́, ìmìtìtì òòfà kan á yọ ṣónṣó ní agbára bíi 41 meV. Tí a bá mú un gbóná kọjá ibẹ̀, á pòórá. Ó túmọ̀ sí pé òòfà àti iná tí kò ní ìdènà mọ ara wọn. Kí wọ́n tó gbà pé òòfà ni lóòótọ́, kì í ṣe átọ́ọ̀mù tó kàn ń gbọ̀n, àwọn ará Oak Ridge ní láti lo nútírọ́ọ̀nù tí òòfà gbogbo wọn kọjú síbì kan náà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1993. Irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ tún jẹ́ ìdànù lórí ìdànù: kí o tó rí àwọn tó kọjú sókè, o ti kọ́kọ́ lé gbogbo àwọn tó kọjú sílẹ̀ lọ. Rossat-Mignod kú lọ́dún yẹn kan náà. A ṣì ń jiyàn lórí ìtumọ̀ ohun tó rí.

Láti 1991 ni wọ́n pa rìákítọ̀ wa fún àtúnṣe ńlá, kò sì padà ṣiṣẹ́ títí di 1995. Gbogbo wa túká. Èmi lọ sí ibùdó nútírọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní ISIS, ní àgbègbè Oxford, èyí tí Margaret Thatcher ṣí ní 1985. Kò sí rìákítọ̀ níbẹ̀. Pírótọ́ọ̀nù ni wọ́n ń sọ lu irin tó wúwo, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nútírọ́ọ̀nù á sì tú jáde bí ìgbà tí èèyàn bá pàtẹ́wọ́. Aago ló ń ṣe iṣẹ́ àlùmọ́gàjí mi níbẹ̀. Ìlù onírin kan tó ní ihò tóóró nínú ń yí bírí, ó ń dúró de àwọn tó bá dé lásìkò tó fẹ́, á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó yára jù àti àwọn tó pẹ́. Fermi ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní Chicago. Ó mọ́ tónítóní, mo sì gbà pé ó dára, àmọ́ ara mi kò gbà á bíi ti ilẹ̀ ijó. Ní 1994, Shull àti Brockhouse gba ẹ̀bùn Nobel, nígbà tí ọ̀kan ti pé ẹni ọdún 79, tí èkejì sì pé 76. Wollan, tó bá Shull bẹ̀rẹ̀ ní Oak Ridge, ti kú ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Ó pẹ́ jù.

Àwọn kan wà nígbà tiwa tí a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Vienna ní 1974, Rauch, Treimer àti Bonse gbẹ́ odidi sílíkọ́ọ̀nù kan ní àgbékalẹ̀ tí ìgbì nútírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo fi lè pín sí ọ̀nà méjì, kó sì tún padà di ọ̀kan. Rìákítọ̀ wọn kò ju kílówáàtì 250 lọ. Lójú àwa tó ń lépa amọ̀, àwọn wọ̀nyí kàn ń wo nútírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ni, wọn ò fi wo nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni ohun tuntun ti wá yọ. Ní 2015, ẹgbẹ́ kan tó fi ẹ̀rọ irú ti Vienna ṣiṣẹ́ ní Gaithersburg ní Amẹ́ríkà, tí Dmitry Pushin ti Waterloo ní Kánádà wà nínú wọn, gbé ìgbì nútírọ́ọ̀nù gba inú àwo alumíníọ̀mù tí ojú rẹ̀ ń ga sí i bó ṣe ń yí po, ìgbì náà sì jáde ní lílọ́. Ní 2022, wọ́n gbé ìgbésẹ̀ tó ju èyí lọ ní Oak Ridge. Ìgbì nútírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan kì í tóbi ju maikirómítà mélòó kan lọ, nítorí náà wọ́n gbẹ́ ilà ẹlẹ́nu fọ́ọ̀kì tí kò ju maikirómítà kan ní ìbú àti òró lọ sára sílíkọ́ọ̀nù, wọ́n sì gbẹ́ irú rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ sí orí ìdajì sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti òró. Nútírọ́ọ̀nù tó bá gba ibẹ̀ kọjá á yà sí ẹ̀gbẹ́, á sì máa lọ́ bó ṣe ń lọ. Láìpẹ́ yìí wọ́n tún ti ṣe èyí tó ń tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀ láìsí ohun tó tì í.

Èèyàn á ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ní 2009, ní Garching, nínú rìákítọ̀ tuntun tí wọ́n kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹyin àtijọ́ yẹn, wọ́n rí i nínú manganese silicide pé òòfà átọ́ọ̀mù lè lọ́ po bí ìjì kékeré, kí ìjì náà sì tò lọ ní ẹsẹẹsẹ. Skyrmion ni wọ́n ń pè é. Àmì mẹ́fà tó yí àárín ká lójú ẹ̀rọ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń lọ́ la fẹ́ fi nútírọ́ọ̀nù tó ń lọ́ wò, kí ó lè sọ fún wa tààrà apá ibi tí ìjì náà kọjú sí. Èrò náà wù mí. Mo sì ṣì ń dúró kí wọ́n fi í wo ohun kan tí àlùmọ́gàjí kò lè fi hàn, torí iṣẹ́ títún ìtànṣán ṣe kò tíì parí tí kò bá tíì kan ayẹ̀wò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lókè òkun máa ń pè mí lórí fóònù. Ó gbà pé ìgbà tiwa ti kọjá pátápátá. “Ẹ̀yin, ẹ̀ ń lé nútírọ́ọ̀nù dànù ni, sà. Tiwa, ńṣe là ń fún un ní ìrísí.”

Mo bi í pé mélòó nínú wọn ló ń gba inú sílíkọ́ọ̀nù náà kọjá láìlọ́ rárá.

“Wọ́n pọ̀, sà.”

“Ṣé ẹ̀ ń jẹ́ kí wọ́n dé inú ẹ̀rọ tó ń kà wọ́n ni?”

“Rárá o, sà. Wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀. A ti fi nǹkan dí àárín.”

“Kí lẹ fi dí i?”

Ó bú sẹ́rìn-ín kó tó dáhùn. “Kádímíọ̀mù ni, sà. Èmi ni mo gé e.”